Ẹ Má Padà sí Odò Àbàtà Nítorí Òórùn Oògùn Omi

 

Ọ̀rọ̀ omi ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀. Ẹ kà á díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá dé ibi tó le, ẹ padà sẹ́yìn kí ẹ tún un kà. Kò sí ẹni tó ń lé wa.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ní kíláàsì wa ní abúlé kan, ìyá kan dìde. Ó ní: “Olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni pé oògùn tí wọ́n ń sọ sínú omi ẹ̀rọ ń fa jẹjẹrẹ? Ọmọ mi tó wà ní Kútọnu ló sọ bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà, mi ò jẹ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ mi mu omi ẹ̀rọ mọ́. Omi odò ni à ń mu.”

Mo wo ojú àwọn yòókù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń mi orí. Mo rí i pé ìyá yìí kọ́ ló nìkan ń bẹ̀rù.

Mo bi í pé: “Ìyá wa, àwọn ọmọ náà ńkọ́?” Ó ní èyí tó kéré jù nínú wọn ti ń ya ìgbẹ́ gbuuru láti ọjọ́ mẹ́ta. A pa ìwé dé lálẹ́ ọjọ́ náà. A gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn. Ara rẹ̀ yá, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti wọnú, awọ ara rẹ̀ ti gbẹ, kò sì lè sunkún mọ́ nígbà tí a dé ọ̀hún.

Ìyá náà kò purọ́. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Kútọnu náà kò purọ́. Òótọ́ wà nínú ohun tí wọ́n gbọ́. Àmọ́ ìdajì òótọ́ ni, ìdajì yìí ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ kí ẹ gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Oògùn tí a ń sọ yìí, kílọ́ọ̀rù ni orúkọ rẹ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n. Òun ló wà nínú jáfẹ́ẹ̀lì tí a fi ń fọ aṣọ funfun. Bí a bá sọ díẹ̀ sínú omi mímu, ó ń pa kòkòrò àìrí, ìyẹn kòkòrò tí ojú wa kò lè rí. Kòkòrò àìrí inú omi ló ń fa onígbáméjì. Òun ló ń fa ibà jẹ̀funjẹ̀fun. Òun náà ló wà nídìí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbẹ́ gbuuru tó ń gbẹ omi ara àwọn ọmọ wẹ́wẹ́.

Ṣùgbọ́n kílọ́ọ̀rù kì í bá kòkòrò nìkan jà. Ó ń bá ìdọ̀tí náà jà. Ẹ ti rí ìkòkò àgbo rí. Ewé wà nínú rẹ̀, omi rẹ̀ sì pọ́n. Bí odò àbàtà ṣe rí nìyẹn. Ìkòkò àgbo ńlá ni, tí ẹnikẹ́ni kò mọ iye ewé tó wà nínú rẹ̀. Ewé já sínú omi, ó rà. Koríko rà. Igi rà. Oje wọn yọ́ sínú omi. Nígbà tí kílọ́ọ̀rù bá pàdé oje ewé yìí, àwọn méjèèjì so pọ̀, wọ́n sì bí nǹkan mìíràn tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a pe nǹkan náà ní ọmọ kílọ́ọ̀rù. Ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò rán an ní bíbí ni.

Ọmọ kílọ́ọ̀rù pọ̀ ní oríṣiríṣi. Èyí tí àwọn onímọ̀ mọ̀ jù nínú wọn ni kílórófọ́ọ̀mù. Láyé àtijọ́, àwọn dókítà máa ń fi kílórófọ́ọ̀mù kun aláìsàn ní oorun kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún un.

Ta ló rí àwọn ọmọ yìí nínú omi mímu? Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Johannes Rook ni, ní ìlú Rotterdam, ní ilẹ̀ Họ́láǹdì. Ibi tí wọ́n ti ń tún omi ìlú ṣe ló ti ń ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1974 ó kọ ohun tó rí sínú ìwé. Ó ní kílórófọ́ọ̀mù kò sí nínú omi odò kí a tó sọ kílọ́ọ̀rù sí i, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní ọdún kan náà, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà rí ohun kan náà nínú omi tiwọn. Ní ọdún 1976, wọ́n kéde ní Amẹ́ríkà pé wọ́n fún eku ní kílórófọ́ọ̀mù púpọ̀púpọ̀, jẹjẹrẹ sì mú àwọn eku náà. Ibẹ̀ ni ìbẹ̀rù ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ló rìn títí, tó fi dé etí ọmọ ìyá wa ní Kútọnu.

Ẹ fi etí sílẹ̀ dáadáa níbí. Ohun tí a fún eku pọ̀ gan-an ju ohun tó wà nínú omi ẹ̀rọ lọ. Àwọn onímọ̀ tún wo àwọn ènìyàn tó mu omi tí ọmọ kílọ́ọ̀rù pọ̀ nínú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, fún 20 ọdún, fún 30 ọdún. Nínú àwọn ìwádìí kan, wọ́n rí i pé jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ mú díẹ̀ sí i nínú wọn ju àwọn yòókù lọ. Nítorí náà a kò ní sọ fún yín pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Nǹkan wà níbẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún yín pé kò sí ewu kankan ń fi yín ṣe ọmọdé.

Ṣùgbọ́n ẹ gbé ewu méjèèjì sórí ìwọ̀n. Ewu ọmọ kílọ́ọ̀rù kéré, ó sì máa ń gba ọ̀pọ̀ ọdún. Onígbáméjì ńkọ́? Ó lè mú àgbàlagbà tó le koko ní òwúrọ̀, kí ó kú kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọmọdé kò tilẹ̀ ní agbára bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí wọ́n ń pè ní OMS, fi sọ pé ká dín ọmọ kílọ́ọ̀rù kù, ṣùgbọ́n ká má ṣe torí rẹ̀ dáwọ́ pípa kòkòrò dúró.

Àjọ náà fi òdiwọ̀n sí i. Ẹ mú iyọ̀ gíráàmù 1. Ẹ pín in sí ọ̀nà 1 000 000. Ọ̀kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní míkúrógíráàmù 1. OMS ní kí kílórófọ́ọ̀mù inú líta omi 1 má ju míkúrógíráàmù 300 lọ. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n kó kílórófọ́ọ̀mù àti mẹ́ta nínú àwọn ìbátan rẹ̀ pọ̀, wọ́n sì ṣòfin ní 1979 pé àpapọ̀ wọn kò gbọdọ̀ ju 100 lọ. Ní 1998 wọ́n tún òfin náà ṣe, wọ́n sọ ọ́ di 80. Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tiwa, ìjọba gbé àṣẹ jáde ní ọdún 2001 lórí bí omi mímu ṣe gbọ́dọ̀ rí. Ọ̀rọ̀ omi mímu ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ojúrere nìyẹn. Ẹ lè béèrè nípa rẹ̀.

Wàyí o, báwo ni a ṣe ń dín ọmọ kílọ́ọ̀rù kù? Ìdáhùn náà kò ṣòro. Bí oje ewé kò bá sí, ọmọ kò ní sí. Ẹ kọ́kọ́ fọ omi kí ẹ tó sọ oògùn sí i.

Níbi tí wọ́n ti ń tún omi odò ṣe fún ìlú, wọ́n máa ń sọ álọ́ọ̀mù sínú omi. Álọ́ọ̀mù ń mú kí ìdọ̀tí kó ara wọn jọ, kí wọ́n wúwo, kí wọ́n sì rì sí ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà omi á gba inú iyanrìn kọjá. Iyanrìn á di ìyókù mú. Ìgbà yẹn ló kàn tí kílọ́ọ̀rù. Láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ ibi ló jẹ́ pé kílọ́ọ̀rù ni wọ́n kọ́kọ́ ń da sínú omi odò, pẹ̀lú gbogbo ewé àti ẹrẹ̀ inú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n yí ètò náà padà, tí wọ́n sọ àkọ́kọ́ di ìgbẹ̀yìn, ọmọ kílọ́ọ̀rù dín kù púpọ̀. Kò ná wọn ní owó ńlá. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ iṣẹ́ lásán ni wọ́n yí padà.

Ooru náà ń mú kí ọmọ kílọ́ọ̀rù pọ̀ sí i. Pípẹ́ omi náà ń mú un pọ̀ sí i. Omi tó ti wà nínú àgbá orí òpó fún ọjọ́ mẹ́rin nínú oòrùn, tí ẹrẹ̀ sì wà ní ìsàlẹ̀ àgbá náà, ọmọ inú rẹ̀ á ju ti omi òní lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi tó dúró sí ìparí túyò, ìyẹn ọ̀pá omi, níbi tí ilé kò pọ̀. Nítorí náà ó yẹ kí a máa fọ àgbá. Ó yẹ kí a máa ṣí ẹnu túyò tó kẹ́yìn, kí omi àtijọ́ dà nù. Mo mọ̀ pé ó ń dun ènìyàn láti da omi nù ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ fi bomi rin ẹ̀fọ́.

Omi wa kò rí bákan náà o. Lórí ilẹ̀ Kétu, ẹ̀yin fúnra yín mọ bí kànga ṣe ń jìn tó. Omi tó ti ìsàlẹ̀ jíjìn wá, tí ẹ̀rọ fà jáde, kì í sábà ní oje ewé púpọ̀. Bí wọ́n bá sọ kílọ́ọ̀rù díẹ̀ sí irú omi bẹ́ẹ̀, ọmọ rẹ̀ máa ń kéré. Omi odò tí a sé ló le. Ẹ wo odò Ọ̀pàrà tí ẹ̀yin ará Ṣábẹ̀ẹ́ mọ̀ dáadáa. Òkè odò náà ni wọ́n ti sé omi tí ìlú Paraku ń mu. Koríko ń hù lórí irú omi bẹ́ẹ̀, ewé ń rà nínú rẹ̀, àkọ́rọ̀ òjò sì ń fọ ìdọ̀tí oko wọ inú rẹ̀. Irú ibẹ̀ ni àwọn tó ń tún omi ṣe ti gbọ́dọ̀ la ojú sílẹ̀ jù. Ní Àjàṣẹ́ ẹ̀wẹ̀, kànga inú ọgbà tí kò jìn, tí ṣáláńgá sì wà lẹ́bàá rẹ̀, ọ̀rọ̀ kòkòrò ni tirẹ̀. Ẹni tó bá ń mu omi irú kànga bẹ́ẹ̀ láìsí oògùn, tó wá ń bẹ̀rù ọmọ kílọ́ọ̀rù, ó ti bẹ̀rù ohun tí kò kàn án sílẹ̀ fún èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Ẹnì kan lè bi wá pé: “Àwọn ará Họ́láǹdì tó kọ́kọ́ rí ọmọ kílọ́ọ̀rù, kí ni àwọn ṣe?” Ìbéèrè rere ni. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fi kílọ́ọ̀rù sílẹ̀. Lónìí, omi ẹ̀rọ wọn kì í ní kílọ́ọ̀rù nínú. Ṣé kí àwa náà fi sílẹ̀? Ẹ dúró ná. Wọ́n ń ṣọ́ orísun omi wọn. Wọ́n ní ọ̀nà mìíràn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò. Túyò wọn kì í jò púpọ̀, omi sì kì í dá nínú rẹ̀ tọ̀sán tòru. Tiwa ńkọ́? Bí iná bá lọ, ẹ̀rọ dúró. Bí ẹ̀rọ bá dúró, túyò ṣófo. Túyò tó ṣófo tó sì lu, omi ẹrẹ̀ tó wà ní ìta ló máa fà wọlé. Kílọ́ọ̀rù díẹ̀ tó kù nínú omi ni ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ọ̀nà yìí. Bí a bá lé ọlọ́dẹ lọ kí a tó tún ògiri mọ, olè á wọlé.

Wọ́n ti rí i ní ilẹ̀ Pẹrú. Onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1991. Láàárín ọdún kan, ó mú ènìyàn tó lé ní 300 000, ó sì pa àwọn tó lé ní 2 000. Àwọn kan sọ pé ìbẹ̀rù ọmọ kílọ́ọ̀rù ló mú kí wọ́n dẹ́kun sísọ oògùn sínú omi. Àwọn tó wádìí lẹ́yìn náà rí i pé ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Túyò ti bàjẹ́, owó kò sí, ọ̀pọ̀ omi ni wọn kì í tilẹ̀ tún ṣe tẹ́lẹ̀. Èmi gba ti àwọn tó wádìí gbọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó dá mi lójú ni pé omi tí kò ní ọlọ́dẹ ni àrùn náà gbà kọjá.

Ẹ jẹ́ kí a wọ ilé wa báyìí. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni kò ní omi ẹ̀rọ nítòsí. Ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ń sọ oògùn sínú omi. Mo ti rí ẹni tó da jáfẹ́ẹ̀lì sínú omi odò pípọ́n. Nígbà tí kò gbọ́ òórùn rẹ̀, ó tún da òmíràn sí i, ó tún da òmíràn. Ìdọ̀tí ló ń jẹ oògùn náà. Kòkòrò kò kú tán, ọmọ kílọ́ọ̀rù sì pọ̀ lọ jàra. Àdánù méjì ló rà.

Ẹ jẹ́ kí omi náà tòrò ná, kí ẹrẹ̀ rẹ̀ sùn sí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ẹ rọra da ti òkè sínú ìkòkò mìíràn. Ẹ ká aṣọ funfun tó mọ́ ní ìlọ́po mẹ́rin, kí ẹ fi sẹ́ omi náà. Ẹ má ṣe rò pé ohun kékeré ni aṣọ yìí. Ẹ̀yin àgbà rántí sobìà. Ẹ rántí bí ó ṣe máa ń yọ ní ẹsẹ̀ àgbẹ̀ nígbà iṣẹ́ oko, tí yóò fi dùbúlẹ̀ títí ọ̀gbìn á fi kọjá. Kì í ṣe abẹ́rẹ́ ló lé sobìà lọ. Aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi wà lára ohun tó lé e, pẹ̀lú kànga tó dára, àti bí a kò ṣe jẹ́ kí ẹni tí sobìà ń yọ lẹ́sẹ̀ wọ inú odò. Ní ọdún 2009, OMS kéde pé kò sí sobìà mọ́ ní Bẹ̀nẹ̀. Ó di ọdún 2011 kí wọ́n tó kéde ti Tógò.

Lẹ́yìn tí omi bá ti mọ́, ìgbà náà ni oògùn kàn. Bí ó bá jẹ́ oògùn oníkóró ni ẹ rà lọ́jà, ẹ wo ara páálí rẹ̀. Nọ́ḿbà kan wà níbẹ̀ tó ń sọ iye líta omi tí kóró 1 lè tún ṣe. Kóró omi líta 20 kì í ṣe kóró omi líta 5. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀pọ̀ nínú yín kò lè ka nọ́ḿbà yìí. Ẹ̀ ń bi ọmọ ilé-ìwé. Ẹ lè kà á fúnra yín báyìí. Ẹ wo bìdọ́ọ̀nù yín náà, kí ẹ mọ iye líta tó ń gbà. Bí ó bá jẹ́ jáfẹ́ẹ̀lì ni, ẹ má lo èyí tó ní lọ́fínńdà nínú. Jáfẹ́ẹ̀lì kì í ní agbára kan náà. Èyí tó ti pẹ́ nínú oòrùn lórí àtẹ ti rẹ̀. Ẹ béèrè iye ẹ̀kán tó tọ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tàbí agbẹ̀bí ilé ìwòsàn yín, kí ẹ sì kọ ọ́ sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù.

Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 30 kí ẹ tó mu ún. Ẹ bo àmù. Ẹ má ṣe ti ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ òórùn ńkọ́? Òórùn tí ẹ ń gbọ́ kì í ṣe ti ọmọ kílọ́ọ̀rù. Kílọ́ọ̀rù fúnra rẹ̀ ni. Iye ọmọ kílọ́ọ̀rù tó máa ń wà nínú omi kò tó ohun tí imú lè gbọ́. Òórùn fẹ́ẹ́rẹ́ ń sọ fún yín pé ọlọ́dẹ kò sùn. Bí òórùn náà kò bá bá yín lára mu, ẹ da omi náà sínú ìkòkò ẹlẹ́nu gbígbòòrò, kí ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó títí di òwúrọ̀. Òórùn náà á fò lọ. Bí ó bá ta yín nímú bí ìgbà tí ènìyàn ń fọ aṣọ, ẹ lọ sọ fún ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ omi pé ó ti pọ̀ jù.

Iṣẹ́ kan ló kù, kì í sì í ṣe iṣẹ́ inú ilé. Owó omi tí ẹ ń san lójoojúmọ́ ní ìdí ẹ̀rọ, ẹ̀yin lẹ ni ín. Ẹ lè béèrè lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ omi yín ìgbà tí wọ́n fọ àgbá kẹ́yìn. Ẹ lè béèrè bóyá àwọn tó ń yẹ omi wò ti wá. Kóró kan wà tí wọ́n máa ń sọ sínú ìgò omi kékeré. Bí kílọ́ọ̀rù bá wà níbẹ̀, omi náà á pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Bí kò bá sí, kò ní yí padà. OMS ní kí ó ṣẹ́ kù tó mílígíráàmù 0,2 nínú líta 1 níbi tí a ti ń pọn ọ́n. Ẹ ní kí wọ́n ṣe é lójú yín. Bí omi yín bá jẹ́ omi odò, ẹ tún béèrè bóyá wọ́n ń sẹ́ ẹ kí wọ́n tó sọ oògùn sí i, àti ìgbà tí wọ́n gbé e lọ fún àyẹ̀wò ọmọ kílọ́ọ̀rù kẹ́yìn. Bí ìgbìmọ̀ kò bá mọ̀ ọ́n, kí ìgbìmọ̀ kọ ìwé sí mérì. Bí kò bá sí ẹni tó lè kọ ọ́ nínú wọn, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí wà níbẹ̀.

Ìyá wa ti padà sí ìdí ẹ̀rọ. Nígbà tí ìgbìmọ̀ omi abúlé náà pàdé, ó béèrè ọjọ́ tí wọ́n fọ àgbá. Kò sí ẹni tó rántí. Wọ́n fọ̀ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ náà, ẹrẹ̀ inú rẹ̀ sì kún garawa mẹ́ta. Ẹfun ni ìyá náà fi kọ ọjọ́ náà sára òpó àgbá. Lẹ́tà rẹ̀ wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó wá pọn omi ló ń kà á.